Ìkòkò Tí A Fọ́ Kí Omi Tó Dé

Ìkòkò kan wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná wa ní Àgùdà tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi se ohunkóhun. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi dà á. Bí àlejò bá wọlé tó gbójú sókè rí i, á ní, "Bàbá, ìkòkò yìí dára o, ibo lẹ ti rà á?" Ìyàwó mi á wá gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi, á ní kí wọ́n má bi mí nípa ìkòkò yẹn àfi tí wọ́n bá ti jẹun yó, tí wọn kò sì níbi tí wọ́n ń sáré lọ. Òótọ́ ló sọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdúró. Ẹ jẹ́ kí n jókòó, kí ẹ̀yin náà jókòó, kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Èmi kì í ṣe alágbẹ̀dẹ, bàbá mi náà kò sì ṣe é. Fíríìjì ni mo ń tún ṣe ní Ìpọ̀nrí láti ìgbà ọ̀dọ́ mi títí orúnkún mi fi kọ̀ pé òun kò lóṣòó sẹ́yìn ẹ̀rọ mọ́. Ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì tán ni mo tó mọ̀ pé ọwọ́ mi kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó lásán. Nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́, tí mo bá lọ wá àlòkù ẹ̀rọ ní Òtò, mo máa ń yà wo àwọn ọkùnrin kan tó ń da ìkòkò irin. Ẹ mọ ìkòkò tí mo ń wí: èyí tó nípọn, tó wúwo, tó ní etí méjì, tí àwọn ìyá wa fi ń se ìrẹsì àti ẹ̀wà. Wọ́n á kó àjákù irin funfun jọ, písítìn ọkọ̀, ọwọ́ ilẹ̀kùn, ara fèrèsé, wọ́n á yọ́ ọ títí á fi máa dán bí omi tí oòrùn ń ràn lé, wọ́n á dà á sínú iyanrìn, ó di ìkòkò. Iná kọ́ ló yà mí lẹ́nu níbẹ̀. Iyanrìn ni. Iyanrìn tí a ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, òun náà ló lè di àwòrán nǹkan mú, tí kò ní jẹ́ kó bọ́, títí irin yíyọ́ á fi wọlé wá gba ipò rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé lọ́jọ́ tí mo bá ráyè, n óò dán an wò.

Àyè wá yọ. Ẹ̀yìnkùlé wa kò ju ọ̀nà tóóró kan lọ láàárín ògiri ilé àti fẹ́ńsì, páànù díẹ̀ bo orí rẹ̀, ibẹ̀ ni ìyàwó mi ń sá aṣọ sí. Mo gba ìdajì. Mo wá gáráwá ọ̀dà ńlá kan, mo po amọ̀ mọ́ iyanrìn àti eérú, mo fi rẹ́ inú rẹ̀ títí ó fi nípọn, mo jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí n tó dáná sí i. Mo lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo ki páìpù irin bọ̀ ọ́, mo wá so fáànù kékeré tí wọ́n tú lára ọkọ̀ mọ́ ẹnu páìpù náà kí ó máa fẹ́ atẹ́gùn sí èédú. Bátìrì ọkọ̀ ló ń gbé fáànù náà ṣiṣẹ́, torí ta ni yóò fi iná ìjọba bẹ̀rẹ̀ ohun tí kò gbọdọ̀ dúró láàárín? Wẹ́dà kan ní àdúgbò wa gé páìpù tó nípọn fún mi, ó jó ìdí mọ́ ọn, ìyẹn di ife tí mo fi ń yọ́ irin. Òun náà ló ṣe ẹ̀mú ọlọ́wọ́ gígùn tí mo fi ń gbé e kúrò nínú iná. Mo ní ìbọ̀wọ́ aláwọ, mo ní bàtà tó bo kókósẹ̀, mo ní awò tó bo ojú. Ìyàwó mi ní ohun kan ṣoṣo tó kù tí n kò tíì ní ni ọgbọ́n.

Iyanrìn ni mo wá pẹ́ lórí. Ti etí òkun kò dára, kì í dì. Èyí tó pupa díẹ̀, tó ní amọ̀ nínú, tí wọ́n ń hú jáde níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé, òun ló dára. Mo kó o sínú àpò wálé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kù ú.

"Kọ̀nkọ̀sọ̀ ta nìyẹn?" ìyàwó mi bèèrè lójú fèrèsé.

"Tiwa ni."

"Tiwa báwo? Ẹ̀yin náà máa ń ku gàárì ni?"

"N óò ra òmíràn fún ọ."

"Ẹ rà á wá. Èyí tí mò ń wò yìí ti di ti iyanrìn, kò tún wọ ilé ìdáná mi mọ́."

Bí a ṣe pín nǹkan nínú ilé wa nìyẹn. Kọ̀nkọ̀sọ̀ lọ, agolo kéèkì lọ, ìgbálẹ̀ lọ.

Ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí iyanrìn náà, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un. Tó bá dì, tí ẹ ṣẹ́ ẹ sí méjì tí ojú ibi tó ti ṣẹ́ sì mọ́ bí ìgbà tí a ṣẹ́ bisikíìtì, ó tó. Tó bá lẹ̀ mọ́ ọwọ́, omi ti pọ̀ jù, ẹ fi í sílẹ̀ kí ẹ lọ jẹun. Bí irin yíyọ́ bá kan ibi tó rin jù nínú iyanrìn, omi ibẹ̀ á di ooru lójú ẹsẹ̀, ooru náà á wá ọ̀nà jáde, á sì gbé irin náà sọ sójú ẹni tó ń dà á. Ọkùnrin kan wà lára àwọn tó ń da ìkòkò ní Òtò tí ojú ọ̀tún rẹ̀ ti bá ọ̀nà yẹn lọ. Ó máa ń sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó ní ojú òsì lòun fi ń wo iyanrìn, ojú ọ̀tún lòun fi mọ̀ ọ́n.

Mo da nọ́ńbà ilé wa, mo kàn án mọ́ ẹnu géètì. Mo da ìkọ́ aṣọ. Mo da ìgbákọ kan tó jáde pẹ̀lú iké lẹ́yìn. Ìyàwó mi gbé ìyẹn kọ́ sára ògiri, ó ní aláàárù ni, kí wọ́n jẹ́ kó sinmi. Inú mi ń dùn. Ká ní ibẹ̀ ni mo dúró sí, ìtàn ẹ̀rín ni n bá máa sọ fún yín.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní Mushin nígbà náà. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí. Òun ló gbé mi pọ̀n nígbà tí ọwọ́ ìyá wa bá dí, àgbà tí mo sì dà yìí náà, tó bá pè mí lórí fóònù, mo máa ń dìde dúró kí n tó gbé e. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo wà ní Kánádà, ọmọ náà sì ní kí màmá òun wá máa bá òun gbé. Físà ti jáde, tíkẹ́ẹ̀tì ti wà nílẹ̀. Àárín òjò ni, òjò Èkó tí aṣọ kì í gbẹ nínú rẹ̀.

Ó dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ohun kan wà lórí itan rẹ̀ tó fi ìró wé bí ọmọ titun.

"Àbúrò mi, wọ́n ní o ti di ẹni tó ń da irin."

"Mò ń fi ṣeré ni, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo rí ìgbákọ tó wà lára ògiri yẹn. Mo mọ̀ pé eré ni." Ó tú ìró náà. "Ó tó kí o fi eré sílẹ̀ lónìí."

Ìkòkò ìyá wa ni.

Ìyá wa gbé ìkòkò yẹn wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tó wá bá bàbá wa ní Èkó. Ilé tí a gbé dàgbà ní Ìpọ̀nrí, yàrá yàrá ni, ayálégbé lọ́tùn-ún, ayálégbé lósì, ìyá wa nìkan ló sì ní ìkòkò tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bímọ á yá a. Ẹni tó ń ṣe sàráà á yá a. Ẹni tí àwọn àna rẹ̀ ń bọ̀ á yá a. Tí ìnáwó bá wà, ìkòkò láti oríṣiríṣi ilé á jọ wà lórí iná, kí wọ́n má baà ṣì wọ́n gbé, olúkúlùkù obìnrin á fi ìṣó lu àmì sí ìdí tirẹ̀. Ti ìyá wa ni ìlà méjì tó dúró, àti ìlà kan tó dùbúlẹ̀ lábẹ́ wọn.

Àṣà kan tún wà nínú ilé yẹn. Ẹni tó bá yá ìkòkò kì í dá a padà lófìfo. Ohun tó bá sè, á fi díẹ̀ sí i. Bí oúnjẹ bá tán, á fi iyọ̀ sí i, tàbí ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀wà. Tí wọ́n bá ti kanlẹ̀kùn, tí a gbọ́ pé ìkòkò wa dé, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi á sáré jáde, a ó máa jà lórí ẹni tí yóò ṣí ìdérí. N kò rántí ohun tí ìyá wa sè nínú ìkòkò náà tó bí mo ṣe ń rántí ohun tí àwọn ẹlòmíràn fi ránṣẹ́ padà nínú rẹ̀.

Nígbà tí ìyá wa kú, ẹ̀gbọ́n mi ló gbé e. Ó ń lò ó títí di ọjọ́ tí ẹnìkan tó ń ràn án lọ́wọ́ nílé gbàgbé rẹ̀ sórí iná lófìfo, tí ẹ̀rù ba ẹni náà, tó da omi tútù sí i. Ìkòkò ya láti ẹnu dé ikùn. Wẹ́dà gbìyànjú rẹ̀, iná rẹ̀ tún lu ihò sí i.

"Bá mi tún un ṣe," ẹ̀gbọ́n mi wí. "Mo fẹ́ gbé e lọ."

Mo yí i wò títí. Mo ní, "Kò ṣe é tún ṣe. Ṣùgbọ́n mo lè da òmíràn fún yín. Ìkòkò yìí fúnra rẹ̀ ni n óò tẹ̀ sínú iyanrìn. N óò yọ́ àbẹ́là dí ibi tó ya àti ibi tó lu kí ojú rẹ̀ lè tẹ́jú. N óò yọ ọ́ jáde, àwòrán rẹ̀ á kù nínú iyanrìn, n óò wá da písítìn yíyọ́ síbẹ̀. Ẹ óò gbé tuntun lọ, èyí á sì wà lọ́dọ̀ mi."

"Ìyẹn ni pé àwòrán rẹ̀ ni n óò gbé lọ."

"Kò ní yàtọ̀ sí i."

"Àwòrán ìyá wa wà lára ògiri mi ní Mushin. Kò yàtọ̀ sí i. Kò sì tíì bu oúnjẹ fún mi rí." Ó fọwọ́ lé ikùn ìkòkò náà. "Òun gan-an ni mo fẹ́. Òun gan-an ni kí o yọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, tí mo bá yọ́ ọ tí tuntun kò sì jáde dáadáa, kò sí ọ̀kankan mọ́ nìyẹn."

"Ìwọ lo ti ń fi ṣeré láti ọjọ́ yìí. Ó yẹ kí o ti mọ̀ ọ́n."

Ó yí ìdí ìkòkò náà sókè, ó fi ìka tọ àmì náà. Ó bi mí bóyá ìyẹn náà á jáde. Mo ní bí iyanrìn bá dára, á jáde.

"Ìwọ àti èmi rèé, a dúró," ó wí. "Ìyá wa rèé, ó tẹ́ ara rẹ̀ sábẹ́ wa."

"Àmì ìkòkò lásán ni, Ẹ̀gbọ́n mi. Kí wọ́n má ṣì í gbé ni."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ta ló sọ fún ẹ̀yin?"

"Èmi ni mo di ìṣó mú," ó wí. "Ó ń fi òkúta lù ú, èmi di ìṣó mú, ìwọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ò ń sunkún."

Gbogbo ọjọ́ ayé mi, n kò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí a dúró kí òjò kásẹ̀ nílẹ̀. Mo ní n óò dà á nígbà ọyẹ́, n óò wá ẹni tó ń lọ kí ó bá a gbé e dé ọ̀hún. Ó bi mí ta ló ń gbé ìkòkò ìyá ẹlòmíràn wọ ọkọ̀ òfurufú. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ gan-an, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. Ó ní ilé ọmọ òun lòun ń lọ, kì í ṣe ilé òun. Sítóòfù wọn, òun kò mọ̀ ọ́n tàn. Ọ̀bẹ wọn, ìbùsùn wọn, òtútù wọn, kò sí èyí tó jẹ́ ti òun níbẹ̀. Ó ní tí òun bá dúró nídìí iná nílé àjèjì, kí ohun kan ṣoṣo wà lórí iná náà tó ti mọ òun tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin ẹ wò ó, kí ni ẹ̀yin ì bá sọ? Mo ní ó dáa.

Láti ọjọ́ yẹn, ojoojúmọ́ ló ń wọkọ̀ wá láti Mushin. Iyanrìn mi ti fa omi òjò, mo sì ní láti tẹ́ páànù sórí iná kí n máa yan án títí á fi gbẹ, kí n tó wọ́n omi tó tọ́ sí i padà. Ẹ̀gbọ́n mi á jókòó sórí àpótí ìjókòó, á máa wò mí.

"Ìyàwó wa, wá wo ọkọ rẹ, ó ń yan iyanrìn bí ẹni ń yan gàárì."

"Màmá, ẹ bi í bóyá ó ti ra kọ̀nkọ̀sọ̀ mi."

"Gàárì náà kò tilẹ̀ ní gbẹ. Kò mọ̀ ọ́n yí." Ó gba igi lọ́wọ́ mi, òun ló sì ń yan iyanrìn náà títí ọjọ́ tó parí. Ẹ ò rí i, ó mọ̀ ọ́n yan jù mí lọ.

Lọ́jọ́ tí a tẹ ìkòkò náà sí iyanrìn, mo yọ́ àbẹ́là dí ojú yíya rẹ̀, mo dojú rẹ̀ dé sórí pákó lórí ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, torí ẹrù tí yóò dà kò ṣe é gbé sórí tábìlì. Mo fi àpótí pákó tí kò nídìí yí i ká. Mo gbọn eérú lúbúlúbú sí i lára kí iyanrìn má baà lẹ̀ mọ́ ọn, díẹ̀ ní ìdí níbi tí àmì wà, kó má baà dí ojú ìlà. Mo wá ń rọ iyanrìn sí i, mo ń fi igi gún un, mo tún ń rọ. A yí gbogbo rẹ̀ padà, èmi àti ìyàwó mi àti wẹ́dà tí mo pè, mo tún gún iyanrìn kún inú ìkòkò. Bí ó ṣe rí nìyẹn: iyanrìn lóde, iyanrìn nínú, ìkòkò láàárín. Tí a bá là wọ́n, tí a mú ìkòkò kúrò, tí a tún pa wọ́n dé, àlàfo tó kù láàárín wọn ni ìkòkò tuntun.

Nígbà tí mo yọ ọ́, kò gbé ẹyọ iyanrìn kan dání. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀, ó di ìbàdí rẹ̀ mú, ó wo ìsàlẹ̀ ibẹ̀. Ìlà méjì dúró, ọ̀kan dùbúlẹ̀, wọ́n yọ orí jáde nínú iyanrìn bí ìgbà tí iṣan bá yọ lẹ́yìn ọwọ́.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án," mo wí.

Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Ó dúró síbẹ̀ pẹ́, kò fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Mo rò pé kò sí ìgbà kankan tí inú àwa méjèèjì jọ dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí a ti ń jà lórí ìdérí.

A pa iyanrìn náà dé padà, mo fi ihò tí irin yóò gbà wọlé sílẹ̀ lókè, a sì fi í sílẹ̀ kó túbọ̀ gbẹ. Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìrìn-àjò rẹ̀, oòrùn jáde láti àárọ̀, oòrùn gidi, gbogbo Àgùdà sá aṣọ. Mo fọwọ́ kan iyanrìn, ó le, ó gbẹ, ó dára. Mo ní ó yá. Mo kó èédú sí iná.

Ìkòkò náà tóbi ju ife ìyọ́rin mi lọ, ó di dandan kí a fọ́ ọ. Mo gbé òòlù, ọwọ́ mi kò sì lọ. Ẹ̀gbọ́n mi gbà á.

"Èmi ni mo di ìṣó mú nígbà tí wọ́n lù ú," ó wí. "Jẹ́ kí n lù ú."

Ó lù ú, ó dún bí aago ilé ẹ̀kọ́. Ó tún lù ú, ojú ibi tó ti ya tẹ́lẹ̀ là lọ sísàlẹ̀, ìkòkò náà fọ́. Ìyàwó mi yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwa ń ṣa àwọn àfọ́kù rẹ̀ sínú ife, bí mo ṣe mú èyí tí àmì wà lára rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi gbà á lọ́wọ́ mi.

"Èyí kò ní wọná."

"Ṣebí ẹ ní òun gan-an lẹ fẹ́."

"Òun gan-an ni. Èyí ni n óò fi wọ̀n ọ́n tí tuntun bá jáde, kí o má baà pààrọ̀ rẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́." Ó fi aṣọ nù ún, ó jù ú sínú báàgì rẹ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín. Mo fi písítìn kan dí àyè rẹ̀.

Irin náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Fáànù ń kùn, èédú funfun nínú, etí ìkòkò rì wọlé, ikùn rì wọlé. Ibẹ̀ ni ojú ọjọ́ ṣú lẹ́ẹ̀kan náà, afẹ́fẹ́ gbé aṣọ gbogbo ayé lórí okùn, òjò dé. N kò mikàn. Páànù wà lórí wa, mo sì ti fi ọ̀rá bo àpótí iyanrìn náà. Ẹ̀kán kan kò kàn án láti òkè.

Ìsàlẹ̀ ni omi gbà wá. Gọ́tà ìta kún, kò rí ibi lọ, ó wá ihò kan lábẹ́ fẹ́ńsì wa tí a kò mọ̀ pé ó wà. Mo rí i tó ń bọ̀ pẹlẹbẹ, dúdú, ó ń ti ewé àti ọ̀rá síwájú. Ìyàwó mi fi ìgbálẹ̀ gbá a padà. Ẹ̀gbọ́n mi gbé àpò iyanrìn tó kù, ó fi dí i lọ́nà. Mo gbìyànjú láti gbé àpótí náà sókè, ẹ̀yìn mi kọ̀, wẹ́dà kò sí nítòsí. Omi náà kò tilẹ̀ ga. Kò ju kókósẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n iyanrìn tí a yan, tí a mú gbẹ tó bẹ́ẹ̀, ó ń mu ún láti ìdí bí àkàṣù búrẹ́dì tí a kì bọ inú tíì. Nígbà tí mo ká ọ̀rá kúrò tí mo fi ìka kàn án, ìka mi wọlé.

Irin ti pọ́n, ó ti ṣe tán.

"Dà á," ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Mi ò lè dà á."

"Dà á bẹ́ẹ̀. Tó bá lu, n óò gbé e bẹ́ẹ̀ lọ."

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ó máa lu. Á fò sí wa lójú ni. Ẹ ò rí omi?"

"Kó fò sí èmi lójú. Gbé ẹ̀mú yẹn fún mi."

"Mi ò ní gbé e fún yín."

"Ṣé o gbọ́ ohun tí mo wí? Ọ̀la ni mò ń lọ."

"Mo gbọ́, Ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò ní dà á."

Ó na ọwọ́ sí ẹ̀mú náà lóòótọ́. Ìyàwó mi ló dì í mú láti ẹ̀yìn, ó ń sọ pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ jọ̀ọ́," títí apá rẹ̀ fi rọ̀. Mo gbé ife náà kúrò nínú iná. Mo to àwọn agolo kéèkì sórí bulọ́ọ̀kù níbi tó gbẹ, mo da ìkòkò ìyá wa sínú wọn. Nígbà tó dì, ó dà bí àkàrà òyìnbó mélòó kan tó ń dán. Bí a ṣe dúró ń wò ó ni iyanrìn rì nínú àpótí, kò pariwo, ó kàn wó lulẹ̀ sínú ara rẹ̀, ó di ẹrọ̀fọ̀. Ìlà méjì yẹn àti èyí tó dùbúlẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kò bú mi. Ó ní, "Kò burú." Ìró tó fi wé ìkòkò náà wá, ó gbọ̀n ọ́n, ó ká a ní kíká tó mọ́, ó fi sábẹ́ apá, ó sì dúró lẹ́nu géètì títí òjò fi dá tó rí kẹ̀kẹ́. N kò tíì rí ohun tó wúwo tó ìró òfìfo yẹn.

Ó lọ lọ́jọ́ kejì. Mo sìn ín dé pápákọ̀ òfurufú. Ó ní kí n tọ́jú ẹ̀yìn mi, kí n yé gbé ohun tó wúwo. Ìyẹn nìkan ló sọ tó jọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, tí ilẹ̀ gbẹ, mo yá ìkòkò irin aládùúgbò wa kan, mo tẹ tirẹ̀ sí iyanrìn, mo sì yọ́ gbogbo àkàrà yẹn padà. Ó jáde. Kò lu, kò ya, kò ní iké. Kò sí ohun tí mo tíì dà tó dára tó o, ṣáájú rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Mo fi ẹ̀wà díẹ̀ sínú ìkòkò aládùúgbò, mo dá a padà. Mo wá pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù tó ń fi ojú hàn. Ó wọ fìlà onírun, ó jókòó síwájú fèrèsé tí ìta rẹ̀ funfun.

"Gbé e súnmọ́ ibí," ó wí. Mo gbé e súnmọ́. "Ó dára gan-an. O ti wá mọ̀ ọ́n. Yí ìdí rẹ̀ sókè."

Mo yí i. Ìdí náà ń dán, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó wò ó pẹ́.

"Ìkòkò ta ni?"

"Tiyín ni, Ẹ̀gbọ́n mi. Irin rẹ̀ ni. Kò sí ohun tó kù lára rẹ̀ tí n kò dà sí i."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó mú àfọ́kù kékeré yẹn, ó gbé e síwájú fóònù. Ìlà méjì àti ọ̀kan. "Tèmi rèé," ó wí. "Orí tábìlì ìbùsùn mi ló ń gbé."

Mo ní mo lè fi ìṣó lu àmì náà sí tuntun. Mo ní mo rántí bó ṣe rí, kò ní yẹ̀.

"Ta ni yóò di ìṣó mú?" ó bi mí.

Kò dúró de èsì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi nípa sítóòfù wọn, pé ó ti mọ̀ ọ́n tàn, pé ìkòkò wọn dúdú nínú, nǹkan kì í sì í jó mọ́ ọn nídìí. Ó ní òun kò fẹ́ràn bẹ́ẹ̀. Ó ní ìrẹsì tí kò jó díẹ̀ nídìí, ta ló sè é?

Mo ti ro ọjọ́ yẹn títí. Tí omi bá tún wọlé lọ́la, mi ò ní dà á. Ojú ọkùnrin Òtò yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ohun tó ń dùn mí kì í ṣe pé mo kọ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé ìkòkò kan ṣoṣo wà, ó ti wá di mẹ́ta: irin rẹ̀ wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù mi, àmì rẹ̀ wà lórí tábìlì ní Kánádà, ìrísí rẹ̀ sì bá àgbàrá lọ sínú gọ́tà Àgùdà. Ká ní a fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ojú yíya rẹ̀, á ṣì wà lódindi. Kì bá se nǹkan kan mọ́, ṣùgbọ́n à bá máa wò ó.

Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ pé orúnkún òun kò gba ọkọ̀ òfurufú mọ́. Mo gbọ́. Síbẹ̀, tí ẹ bá gbé ọwọ́ sókè sọ ìkòkò yẹn kalẹ̀, ẹ óò rí i pé kì í ṣe òfìfo. Ẹ̀wà wà nínú rẹ̀, ẹ̀kúnwọ́ kan. Ìkòkò ẹlòmíràn ló wà lọ́wọ́ mi, n kò sì mọ ọjọ́ tí n óò dá a padà. Tí kòkòrò bá ti mú ẹ̀wà náà, ìyàwó mi á dà á nù fún ẹyẹ, á bu tuntun sí i. Kì í bi mí léèrè mọ́. Kọ̀nkọ̀sọ̀ rẹ̀ tuntun ló fi ń gbọn eruku ara ẹ̀wà náà kúrò kó tó dà á sí i.